Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tan: Ibo Ló Dé Kó Tó Dúró?

Èèyàn méjì lè gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí àwọn méjèèjì ní, "Kò tan mọ́." Tẹnìkìíní, bí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò ní mira. Tẹnìkejì, fáànù rẹ̀ ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ ń tàn, ojú mọ́níítọ̀ nìkan ló dúdú. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò jọra rárá. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ lè lọ ra páwà páàkì tuntun nígbà tó jẹ́ pé RAM, ìyẹn pátákó tín-ín-rín tó ń di iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ mú, ló yẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í tàn lẹ́ẹ̀kan náà bíi gílóòbù. Ìpele mẹ́ta ló ń gbà. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kó sì dúró déédéé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á yẹ ara rẹ̀ wò. Ìgbẹ̀yìn ni yóò wá Windows tàbí Linux lọ sínú disk. Bí ìpele kan kò bá parí, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kéèyàn tó máa ronú ohun tó fẹ́ rà, kó kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀rọ náà dé kó tó dúró.

Iná ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jáde lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà tó nǹkan bíi fóltì 230, bẹ́ẹ̀ ohun tí inú kọ̀ǹpútà ń fẹ́ kò ju fóltì 12, 5 àti 3.3 lọ. Páwà páàkì, ìyẹn àpótí onírin tí wáyà iná máa ń wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ló ń sọ ti àkọ́kọ́ di ti ìkẹyìn. Láti ọdún 1995 tí ilé iṣẹ́ Intel ti gbé ìlànà ATX jáde ni bọ́tìnnì iwájú kọ̀ǹpútà ti dẹ́kun gígé iná fúnra rẹ̀. Ńṣe ló kàn ń ránṣẹ́ sí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́. Bí wáyà bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí súìṣì ẹ̀yìn sì wà ní títàn, fóltì 5 kan á ti wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, á máa dúró de ìka ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì.

Èyí wúlò gan-an, torí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ní iná bíńtín kan tó ń tàn nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì wà ní pípa. Bí iná yẹn bá ń tàn, iná ti dé inú. Bí kò bá tàn, ìta ni ká ti máa wá a bọ̀. Kí wọ́n fi ṣájà fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò lára extension, kí wọ́n kì í bọ ara ògiri tààrà. Kí wọ́n yọ wáyà iná mọ́níítọ̀, kí wọ́n fi dípò ti kọ̀ǹpútà, nítorí irú kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Kí wọ́n sì wo súìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn páwà páàkì. Ẹni tó ń gbálẹ̀ tàbí ọmọdé lè ti fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ní ohun mìíràn láti ṣọ́ra fún. Fóltì 120 ni iná ilé níbẹ̀. Páwà páàkì àtijọ́ mìíràn máa ń ní súìṣì pupa kan tí wọ́n kọ 115 sí lójú kan, 230 sí lójú kejì. Bó bá wà lójú 115, tí wọ́n wá kì í bọ iná wa, yóò dún gbàmù, ó sì parí nìyẹn. Àwọn tuntun ń mọ̀ fúnra wọn irú iná tó wọlé. Ṣùgbọ́n àtijọ́ ni o, tuntun ni o, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ má ṣe tú páwà páàkì, nítorí capacitor inú rẹ̀ lè di fóltì tó lé ní 300 mú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà.

Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká yàtọ̀ díẹ̀. Kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, kí wọ́n wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Kí wọ́n wá fi ṣájà nìkan tàn án. Bó bá tàn báyìí, bátìrì tàbí iná tó kù yẹn ló yẹ kí wọ́n fura sí.

Nígbà tí iná bá dúró déédéé, páwà páàkì á fi àmì ránṣẹ́ pé ó ti yá, processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àṣẹ àkọ́kọ́ tó máa kà wà nínú chip kékeré kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń pè ní BIOS tàbí UEFI. Òun ló ń yẹ processor, RAM àti ohun tó ń gbé àwòrán jáde wò. Lórí kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde lọ́dún 1981, bí gbogbo nǹkan bá pé, ẹ̀rọ á dún "píì" lẹ́ẹ̀kan. Títí dòní, ẹ̀rọ tó bá ní sípíkà kékeré nínú máa ń fi ìró sọ ohun tó ń dùn ún, àmọ́ olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní tirẹ̀, inú ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù ni ìtumọ̀ wà. Àwọn mìíràn ń fi iná kékeré mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí rọ́pò ìró.

RAM ló máa ń dáràn jù níhìn-ín, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Kí wọ́n yọ wáyà iná, kí wọ́n fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ kí iná tó wà lára wọn lè kúrò, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Kí wọ́n ti ìmú ẹ̀gbẹ́ ihò RAM sẹ́yìn, RAM á sì sọ sókè. Etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ ní àwọn ilà aláwọ̀ góòlù tín-ín-rín. Kí wọ́n fi kílínà táwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ra wọ́n jẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi máa dán, kí wọ́n gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Bí wọ́n bá dá a padà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ìmú náà á fi dún "káà". Bó bá jẹ́ méjì, kí wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Bí àmì ilé iṣẹ́ bá hàn lójú mọ́níítọ̀, tí ọ̀rọ̀ bíi "No bootable device" wá tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ti gba ìpele méjì kọjá. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ flash tí wọ́n gbàgbé sára rẹ̀. Bí disk bá ń dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́", kí wọ́n pa á, kí wọ́n má sì tún tàn án, nítorí títàn án léraléra lè ba ohun tó kù nínú rẹ̀ jẹ́.

Nígbà mìíràn, ara ẹ̀rọ le koko, fáìlì kan ṣoṣo ló dá a dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní July 19, 2024 nìyẹn, nígbà tí CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà tí Microsoft fojú bù sí mílíọ̀nù 8.5 kò sì lè wọ Windows. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, iṣẹ́ ilé ìwòsàn sì dojú rú. Ohun tó wo púpọ̀ nínú wọn sàn ni pé kí wọ́n wọ Safe Mode, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń wọlé pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan, kí wọ́n pa fáìlì náà rẹ́. Safe Mode yìí wà lórí kọ̀ǹpútà ilé pẹ̀lú: bí Windows 10 tàbí 11 bá kùnà láti wọlé nígbà mélòó kan, ó sábà máa ń ṣí ojúewé àtúnṣe fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè yàn án.

Bó bá wá di dandan kí wọ́n gbé e lọ bá ẹnjiníà, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ tó hàn, kó sọ iye ìgbà tó dún, kó sọ bóyá fáànù yí, àti bóyá iná ṣe ségesège kó tó ṣẹlẹ̀. Kó sì sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án pé fọ́tò ìdílé tàbí ìwé iṣẹ́ wà nínú disk, nítorí bí wọ́n bá fi Windows tuntun sí i, gbogbo rẹ̀ lè pa rẹ́.