Ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́: Bí irin tó rún ṣe sọ òtítọ́ ikú Diana

Aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni, ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ọkọ̀ Mercedes S280 dúdú kan ń sáré bọ̀ létí odò Seine ní ìlú Paris, àwọn oníròyìn ayafọ́tò sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ó wọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alma, ó fara gbún ògiri ọwọ́ ọ̀tún, ó yà bàrá sí òsì, ó sì forí sọ òpó kẹtàlá nínú àwọn òpó tó gbé òrùlé ọ̀nà náà dúró. Ó pòyì, ó fi ẹ̀yìn kọ lu ògiri, ó dúró.

Dodi Fayed àti Henri Paul tó wa ọkọ̀ náà kú síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, Diana náà ti dákẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ aya Charles, tó wá di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022. Trevor Rees-Jones, ẹ̀ṣọ́ tó jókòó níwájú, nìkan ló yè é, ṣùgbọ́n ó fara pa débi pé kò lè rántí bí ìjàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀.

Níbi tí ẹlẹ́rìí kò bá sí, àhesọ ni í gba ìjókòó. Àwọn kan ní eré tí ọkọ̀ náà ń sá tó 190 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ funfun kan ló dènà dè é. Mohamed Al-Fayed, baba Dodi, tẹnu mọ́ ọn pé wọ́n pa wọ́n ni. Ọdún ń gorí ọdún, ariwo kò lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣì wà tí wọn kò tíì bi léèrè ọ̀rọ̀ tán. Ọkọ̀ tó rún náà gan-an ni.

Irin kì í gbàgbé

Ọkọ̀ tó bá ń sáré, agbára ńlá ló gbé dání. Bí ó bá kọ lu ohun tí kì í mì, agbára náà kò lè ṣàdédé pòórá. Irin ọkọ̀ ni yóò gbà á sára, tí yóò rún, tí yóò ká, títí agbára náà yóò fi tán. Nítorí náà, ìwọ̀n bí irin ṣe rún tó ni ìwọ̀n agbára tó bá a. Ní ọdún 1974, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní iléeṣẹ́ General Motors l'Amẹ́ríkà, Kenneth Campbell, wo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ lu ògiri, ó sì fi hàn pé bí eré bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú ọkọ̀ ṣe ń jìn wọnú sí i, ní ìwọ̀n kan náà. Láti ìgbà náà, olùwádìí lè fi téèpù wọn bí iwájú ọkọ̀ ṣe jìn sí ní ojú mẹ́fà, láti ọ̀tún dé òsì, kí ó sì fi ìṣirò wá eré tí ọkọ̀ náà sá jáde.

Ohun kan wà nínú ìṣirò náà tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ fi sọ́kàn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára ìkọlù ń dà. Ọkọ̀ tó fi eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan kọ lu òpó dà bí èyí tó já bọ́ láti òkè ilé alájà mẹ́ta. Bí eré náà bá tó 105, àfi bí ẹni pé láti òkè ilé alájà mẹ́rìnlá ló ti já.

Kọ̀ǹpútà tún ìjàǹbá ṣe

Bí ọkọ̀ méjì bá kọ lu ara wọn, tí wọ́n ń pòyì, tí táyà ń yọ̀ nílẹ̀, ìṣirò yóò pọ̀ ju ohun tí gègé àti bébà lè gbé lọ. Ìdí nìyí tí Raymond McHenry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Buffalo l'Amẹ́ríkà fi gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí ọdún 1970 sí i. Wọ́n á sọ ìwúwo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un, bí ilẹ̀ ṣe di táyà mú tó, àti eré tí wọ́n rò pé ọkọ̀ ń sá. Kọ̀ǹpútà á fi ìṣirò tẹ̀ lé ìkọlù náà díẹ̀díẹ̀, á sì sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá bá ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà mu, wọ́n á yí eré náà padà, wọ́n á tún un ṣe, títí àpá táyà, irin tó rún àti ibi ìdúró yóò fi ṣe déédéé.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rántí fíìmù James Bond tó jáde ní 1974, The Man with the Golden Gun. Ọkọ̀ kan fò lórí omi ní ilẹ̀ Thailand, ó yí po lẹ́ẹ̀kan lófuurufú, ó sì fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀ ní òdìkejì. Kì í ṣe oògùn. Kọ̀ǹpútà McHenry ló ti ṣírò eré tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sá àti bí àtẹ̀gùn tó máa gùn fò ṣe gbọ́dọ̀ rí.

Ohun tí Mercedes náà sọ

Ní ọdún 2004, àwọn ọlọ́pàá ìlú London bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Paget, lábẹ́ John Stevens. Ó dára pé àwọn ará Faransé kò tíì sọ ọkọ̀ náà nù. Ní 2005, wọ́n gbé e wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí TRL sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Wọ́n wọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n sì yà á sínú kọ̀ǹpútà bí ó ṣe rí gan-an.

Ìdáhùn jáde. Eré ọkọ̀ náà tó nǹkan bí 105 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó ju ìlọ́po méjì 50 tí òfin gbà níbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí 190 tí wọ́n ń pariwo. Ọkọ̀ funfun wà lóòótọ́: ọ̀dà funfun lára Mercedes náà àti àfọ́kù iná ẹ̀yìn tó wà nílẹ̀ fi hàn pé Fiat Uno ni. Àmọ́ àpá fífi-ara-kan-ra lásán ni, kì í ṣe àpá ìkọlù ńlá. Wọ́n tún rí i pé kò sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ náà tó so bẹ́líìtì, títí kan ẹ̀ṣọ́ tó yè é, tí àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ rò pé bẹ́líìtì ló gbà á là.

Ní oṣù kejìlá, ọdún 2006, ìwádìí náà sọ pé òun kò rí ìdìtẹ̀ kankan láti pa ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní London dá a lẹ́bi pé ìwàkuwà Henri Paul àti ti àwọn ọkọ̀ tó ń lé e ló fa ikú náà. Wọ́n fi kún un pé ọtí ti ra ọpọlọ awakọ̀, àti pé bẹ́líìtì tí àwọn tó kú kò so wà nínú ohun tó pa wọ́n.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣe babaláwo. Bí ẹ bá da ata sí ẹ̀rọ ìlọta, ata ni yóò lọ̀ fún yín. Bí ẹ bá da iyẹ̀pẹ̀ sí i, iyẹ̀pẹ̀ náà ni yóò lọ̀. Bí ìwọ̀n tí wọ́n fún un bá lábùkù, ìdáhùn rẹ̀ yóò lábùkù. Ìdí nìyí tí onímọ̀ tòótọ́ kì í fi sọ pé eré báyìí gẹ́lẹ́ ni. Yóò sọ pé kò lè dín sí èyí, kò sì lè ju tọ̀hún lọ.

Láti oṣù keje, ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó ṣáájú ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì kò ní in. Ní tiwọn, irin tó rún àti àpá táyà nìkan ni ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ náà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń ra irin lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ohun tó máa kù ni kí àwọn ẹbí máa sọ pé ayé ló ṣe é.

Kò sí ẹni tó lè pe ayé lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé, ọtí àti bẹ́líìtì tí a kò so, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni wọ́n wà.