Téèpù Kásẹ́ẹ̀tì ní Etí Òkun: Lílò àti Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ ní Dansoman

Ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips ti orílẹ̀-èdè Netherlands kọ́kọ́ pàtẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì ní Berlin, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí Lou Ottens ṣe olórí wọn. Ṣùgbọ́n ní Gánà, àwọn ọdún 1980 ni ẹ̀rọ náà gba ìgboro kan. Òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba Jerry Rawlings gbé kalẹ̀ láti 1982 títí di 1984 ti tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ká, ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ sì ti sọ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá di ọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó padà dé láti Nàìjíríà lẹ́yìn àṣẹ ìlélọ oṣù Kìíní ọdún 1983 ń gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹrù wọn. Dansoman, àdúgbò ńlá tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́lé tẹ̀ dó sí ìwọ̀ oòrùn Accra, dàgbà ní àsìkò tí kásẹ́ẹ̀tì ń gbilẹ̀ yìí; àmọ́ ibi tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí ló wà, ìtọ́jú téèpù níbẹ̀ kò sì lè rí bíi ti ìlú ilẹ̀ gbígbẹ bíi Tamale.

Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ni fọ́nrán, ìyẹn ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 4, tí a fi àtè lẹ lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ lójú kan. Bí ọ̀já yìí bá ń kọjá níwájú orí ẹ̀rọ, irin kékeré dídán tó dojú kọ ọ́, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára òòfà tó ń ti orí náà jáde á máa to lẹ́búlẹ́bú náà bí ohùn bá ṣe ń ròkè tó ń rodò; bí a bá sì tún gbé e kọjá lẹ́yìn náà, ohun tó ti tò sílẹ̀ yóò da ohùn padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àgbọ́túngbọ́ ló ń pa téèpù, òótọ́ sì ni pé gbígbọ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ní etí òkun, afẹ́fẹ́ ilé ló ń pa èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ogún ọdún.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Accra sábà máa ń kọjá 80 nínú 100 ní òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìpamọ́ ohùn kì í fẹ́ kó ju nǹkan bí 40 lọ. Ọ̀rinrin yìí ń rọ àtè, ó ń mú kí fọ́nrán bu, tí funfun rẹ̀ á fi hàn lójú fèrèsé kékeré ara kásẹ́ẹ̀tì. Iyọ̀ tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti apá Glefe àti Gbegbeyise sì ń mú kí irin pẹlẹbẹ tó di tìmùtìmù kékeré ẹ̀yìn fọ́nrán mú dógùn-ún, títí tí tìmùtìmù náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ fọ́nrán mọ́ orí ẹ̀rọ, á fi já bọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ló kù. Ike onídèérí tó dé pinpin ló yẹ téèpù, kí àpò kékeré tó ń fa omi mu, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, wà nínú rẹ̀, kí kásẹ́ẹ̀tì wà ní ìdúró, kó sì jìnnà sí sípíkà, nítorí òòfà inú sípíkà lè pa ohùn rẹ́. Ilẹ̀ kọ́ ni a ń gbé e sí: ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, omi ya wọ BAPMAF, ilé ìpamọ́ orin tí ọ̀jọ̀gbọ́n John Collins dá sílẹ̀ ní Ofankor ní Accra, ó sì ba púpọ̀ nínú ohun tó kó jọ jẹ́.

Ẹ̀rọ tí a kò tọ́jú ló ń jẹ téèpù, bí ó sì ṣe ń jẹ ẹ́ tọ́ sí àlàyé. Kì í ṣe ìdì tó ń ká fọ́nrán ló ń fà á, bí ojú ṣe rí i. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yí láìdúró ló ń fà á, pẹ̀lú rólà rọ́bà dúdú tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá náà, ìdì sì kàn ń ká ohun tí àwọn méjèèjì bá tì sí i ni. Bí bẹ́líìtì, ìyẹn rọ́bà róbótó tó ń gbé agbára dé ọ̀dọ̀ ìdì, bá ti rọ̀, ìdì á ṣíwọ́ kíká, ọ̀pá àti rólà kò sì ní ṣíwọ́ títì, fọ́nrán á wá wọ́ jọ títí tí yóò fi wé mọ́ rólà. Ìkánjú tí a fi ń fa kásẹ́ẹ̀tì yọ nígbà náà ló ń já a, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kí a yọ bátìrì, kí a rọra fi ìka tú fọ́nrán, kí a sì fi bírò onígun mẹ́fà ká a padà. Lẹ́yìn ìlò bíi wákàtí mẹ́wàá, ó yẹ kí a fi òwú tí a rì bọ ọtí isopropyl nu orí àti ọ̀pá títí òwú kò fi ní gbé àwọ̀ ilẹ̀ pupa mọ́, nítorí lẹ́búlẹ́bú irin tó ré kúrò lára téèpù ni àwọ̀ náà. Omi ọṣẹ díẹ̀ ló tọ́ sí rólà, torí pé ọtí máa ń mú rọ́bà gan. Ṣíírúù kékeré ẹ̀gbẹ́ orí jẹ́ ti rẹdíónííkì nìkan: bí orí bá wọ́ díẹ̀, gbogbo téèpù ilé á dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

Bátìrì tó ń kú lọ máa ń tanni jẹ nígbà tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ á máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, ohùn á sì há sórí fọ́nrán tí kò gùn tó bó ṣe yẹ, tó fi jẹ́ pé bí a bá ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́ láti gbọ́ ọ, baba àgbà á máa sọ̀rọ̀ kíákíá pẹ̀lú ohùn tínrín bíi ti ọmọdé. Ìbẹ̀rẹ̀ fọ́nrán kò ní irin lára fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nítorí náà ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ tó tẹ ẹ̀rọ yóò pàdánù orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá. Bí iṣẹ́ bá parí, kí a ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn má baà gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 120 kò ṣeé fi ṣe ohun pàtàkì. Fọ́nrán rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, ti kìlọ̀ ṣáájú pé ohun tí a kò bá dà sórí kọ̀ǹpútà títí di nǹkan bí ọdún 2025 lè ṣègbé, nítorí ẹ̀rọ tó ń lò ó àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń tán lọ. Wáyà kan láti ihò etí ẹ̀rọ sí ihò gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà kan kò sì tó. Ata Kak, olórin ọmọ Gánà, gbé kásẹ́ẹ̀tì Obaa Sima jáde ní 1994, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì pọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Brian Shimkovitz, ra ọ̀kan ní ìgboro Cape Coast ní 2002. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un gbé jáde ní 2015, téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó wà lọ́wọ́ olórin náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, kásẹ́ẹ̀tì Cape Coast yẹn ni wọ́n sì fi ṣe àwo tuntun.