Òkúta Méjì Tí Kò Gba Iná

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Bùkọ́lá, fi igi kan sí i. Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa lálẹ́ yìí o; ohun tí ojú rí ni.

Ní ọdún 1839, ará Jámánì kan, Gustav Rose, yẹ òkúta kan wò tí wọ́n rí ní òkè Ural, nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Orúkọ ìjòyè ibẹ̀ kan, Lev Perovski, ló fi sọ ọ́: perovskite. Gbogbo ohun tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá tò bíi ti òkúta náà ni a wá ń kà sí ará ilé rẹ̀.

Méjì nínú ìdílé yìí ni mo ń bá bọ̀: strontium titanate àti lanthanum aluminate. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn bà yín lẹ́rù. Ẹ so wáyà mọ́ èkínní, iná ò ní kọjá. Ẹ so ó mọ́ èkejì, pàbó ni.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ méjì, Akira Ohtomo àti Harold Hwang, fi iná lésà lu èkejì títí ó fi di oru, oru náà wá ń bà lé èkínní, ìpele lórí ìpele. Ibi tí òkúta méjèèjì ti pàdé, iná ń ṣàn! Ṣùgbọ́n àfi bí titanium bá wà lójú òkúta ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ strontium ló wà lójú, ẹnu ààlà náà ò gba nǹkan kan.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rí èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ìpele mẹ́ta òkúta èkejì lórí èkínní: òfo. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un, iná dé. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá to mílíọ̀nù kan irú ìpele yẹn jọ, kò tó ìdajì mílímítà! Wọ́n ní awẹ́ méjì ló wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan a sì máa ru agbára iná tó takò ti èkejì. Bí a ṣe ń gbé ẹrù lé ọmọdé lórí ni: ìkẹrin ni ọrùn ò gbà mọ́, ohun tó sì dà sílẹ̀ ni ẹlẹ́kítírónì. Àwọn mìíràn ní ọ́síjìn tó sá kúrò nínú òkúta ìsàlẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i.

Ní 2007, wọ́n mú ààlà yìí tutù débi pé ìdá kan nínú márùn-ún dígírì péré ló kù kó kan ìpẹ̀kun òtútù. Iná wá ń ṣàn láìsí ìdènà rárá. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Netherlands rí àmì òòfà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin ò sí nínú òkúta méjèèjì! Òòfà sì ni ọ̀tá irú ìṣàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó di 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń gbé pọ̀.

Pé iná ń ṣàn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ mọ́. Ibi tí òòfà ti wá ni àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lé lórí.