Omíyalé, Àgbàrá Ya Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ti Àwọn Tó Ń Wo Ojú Ọ̀run

  

Ọ̀rọ̀ òjò la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ọjà tí a kò ti rí àwọn kan tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò ṣáá. Bí ìkùukùu bá ti ń gorí ara wọn níhà ìlà oòrùn, wọ́n á bọ́ síta ìsọ̀, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Èyí tó ń bọ̀ yìí kò wá ṣeré o." Àwọn kan nínú wọn jẹ́ àgbà tó ti ń tajà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìsinsìnyí tó ń wo àwòrán ìkùukùu lórí fóònù. Àwọn mìíràn gbé ike sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ń wọn òjò láràárọ̀. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀, ara wọn á yá gágá bí ẹni tí ọdún dé bá. Àwa a sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé, "Ìyá Olójò, ṣé ẹ̀yin lẹ ni òjò ni?"

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo òjò ńlá ló ń di omíyalé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí wa nìkan ni òjò tó ń di omíyalé ti ń rọ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Àwọn àgbà Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó gbé èèyàn. Àwọn tó bá a lọ ju 100 lọ. Títí dòní, bí a bá ní "Ògùnpa", ẹni tó wà níbẹ̀ á kọ́kọ́ mi orí ná kó tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó wọ òru. Èyí tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà ju 180 mílímítà lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Afárá já, ti Apẹ̀tẹ̀ wà lára wọn. Omi Ẹlẹ́yẹlé kún, ó bo àyíká rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀mí tó lọ ju 100 lọ. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ká ṣe ọdún Ìtunu Àwẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ìgbà tí ọjà kún ṣọ́ọ̀bù bámúbámú, tó sì jẹ́ pé àwìn la kó púpọ̀ nínú rẹ̀, tàbí owó àjọ la fi rà á. Omi gbé ọjà lọ, kò gbé gbèsè lọ.

Ẹ tún wo ọjọ́ méjèèjì yìí dáadáa. Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n bọ́ sí, oṣù tí gbogbo wa máa ń sọ pé òjò ń sinmi. Kí ló wá fà á?

ÌDÍ TÍ ÒJÒ FI Ń SINMI, TÓ SÌ Ń PADÀ

Atẹ́gùn méjì ló ń fa ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, ó rin, ó ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ lókè Àríwá bọ̀, ó gbẹ, ó ru eruku. Òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Bí oṣù kẹta bá ti ń wọlé, ti òkun á máa ti ti aṣálẹ̀ padà sókè, òjò á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ìjì tó ń ṣí páànù. Ó máa ń pọ̀ gan-an nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje.

Tó bá ti tó ìparí oṣù keje, ibi tí atẹ́gùn méjèèjì ti ń pàdé á ti lọ jìnnà sí òkè Àríwá. Òjò á lọ bá àwọn ará ibẹ̀, tiwa á dín kù. Ìyẹn ni ìsinmi inú oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n tó bá ń padà bọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ wa náà ló máa gbà kọjá, òjò a sì tún pọ̀ nínú oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ìparí oṣù kẹjọ wá dà bí ẹnu ọ̀nà: àlejò tí a rò pé ó ti lọ lè ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ tí òjò yìí sì ń bá kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ mọ́. Ó ti ń mumi láti oṣù kẹta. Ó ti dà bíi kànrìnkànìn tí a rẹ sínú omi: bí ẹ bá tún da omi lé e, ṣíṣàn ló máa ṣàn. Ìdí nìyí tí òjò oṣù kẹsàn-án tí kò tó ti oṣù kẹrin fi lè bà wá lọ́jà jẹ́ jù ú lọ.

"MÍLÍMÍTÀ" TÍ WỌ́N Ń PÈ YẸN

Àwọn tó ń wọn òjò á ní, "Ogójì mílímítà ló rọ̀ lánàá," àwa a ní èdè wo nìyẹn. Kò le rárá. Bí òjò bá rọ̀ ní mílímítà 1 sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, lítà omi 1 gẹ́lẹ́ ló já sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Ká ní òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Mítà 12 níyẹn lórí ìró. Bí 180 mílímítà bá rọ̀ lé e, omi tó máa dà láti orí òrùlé kan ṣoṣo yẹn jẹ́ lítà 2,160. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó máa gbà á ju 86 lọ. Ẹ wá wo ọjà tó ní ṣọ́ọ̀bù 500: kẹ́ẹ̀gì 43,000 ó lé. A ò tíì ka ti ojú títì, a ò tíì ka ti àwọn ilé tó wà lókè ọjà. Gbogbo rẹ̀ fẹ́ gba inú gọ́tà kan kọjá, gọ́tà tí a da ewé iyán, láílọ́ọ̀nù àti èèpo iṣu sí. Omi kì í jà. Bí a bá dí ọ̀nà rẹ̀, á gba inú ìsọ̀ wa ni.

Ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè wọn òjò. Ẹ wá ike tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e síbi tó ṣí sílẹ̀, kí ó má ṣe wà lábẹ́ igi tàbí etí òrùlé. Láàárọ̀, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn omi inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dà á nù.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ wa, NiMet, máa ń sọ lọ́dọọdún bí òjò ọdún náà ṣe máa rí, wọ́n sì ń kéde ti ojoojúmọ́. Láti ọdún 2013 ni àjọ kejì, NIHSA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò, ti ń gbé ìkìlọ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ewu. Bí ìkìlọ̀ bá dé, yálà lórí rédíò tàbí lẹ́nu Ìyá Olójò, ẹ bi ara yín léèrè ohun mẹ́ta.

Èkínní: ṣé òjò ti ń rọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan? Bí ilẹ̀ bá ti yó, òjò kékeré tó.

Ìkejì: gọ́tà wa ńkọ́? Ẹ má dúró de ọjọ́ ìmọ́tótó kí ẹ tó wò ó.

Ìkẹta: odò wo ló wà lókè wa? Èyí la máa ń gbàgbé jù. Àwọn tó ń lọ ra tòmátì ní Mile 12 mọ̀ nípa odò Ògùn. Ìsédò Ọ̀yán wà lókè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ó bá kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀ kí ìsédò fúnra rẹ̀ má baà ya. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi yìí wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12, wọ́n sì sá jáde. Oòrùn lè máa ràn lórí ọjà yín kí omi máa bọ̀ láti ìlú ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rí i tí omi odò ṣàdédé pọ́n, tó ń gbé igi àti pàǹtí bọ̀, tí òjò kò sì rọ̀ lọ́dọ̀ yín, òkè ló ti rọ̀. Ẹ kúrò létí odò.

"ṢÙGBỌ́N WỌ́N SỌ, KÒ RỌ̀"

A gbọ́ yín. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń sọ nígbà mìíràn, kò sì ní rọ̀. Òjò lè kún Bódìjà kí Ọjàaba gbẹ táútáú. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí àdúgbò tí ìkùukùu máa tú sí. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà 7 nínú 10 ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ 10, nǹkan bíi 3 kò ní rọ̀. Ẹni tó ń ta tòmátì mọ irú ìṣirò yìí: ó mọ̀ pé díẹ̀ á rà nínú apẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rà á, ó ń fi èyí sọ́kàn.

Ká ní ọjà 400,000 náírà wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín. Ká ní alábàárù gba 2,000 láti gbé e gorí pẹpẹ. Bí ìkìlọ̀ kò bá ṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 20,000 lẹ pàdánù. Bí ẹ kò bá gbọ́ ẹyọ kan tó ṣẹ, 400,000 ni, àti ojú ẹni tó ta àwìn fún yín. Èwo ló ṣeé ná?

OHUN TÍ A ó ṢE

Ṣáájú òjò: ẹ gbé àpò gaàrí, èlùbọ́, ìrẹsì àti bọ́ńdù aṣọ kúrò nílẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti pátákó gbé e ga. Ẹ di ìwé àjọ àti ìwé gbèsè sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ mú un lọ sílé. Ẹ pa iná ṣọ́ọ̀bù láti ibi mítà.

Bí omi bá ti ń wọlé: ẹ fi ọjà sílẹ̀. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ dé orókùn, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹ má fi ọmọ sẹ́yìn kọjá a, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé yín kọjá a. Ọjà ṣeé tún rà.

Lẹ́yìn tó bá fà: ẹ má fọwọ́ tútù kan iná. Oúnjẹ tí omi àgbàrá ti fara kàn, ẹ dà á nù. A mọ̀ pé ó dùn wá wọnú eegun, ṣùgbọ́n omi tó gba inú ṣáláńgá àti ààtàn kọjá ni. Ẹni tó bá sá gaàrí bẹ́ẹ̀ sóòrùn, tó tún un tà, àrùn onígbá-méjì ló ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ.

Níkẹyìn, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan nínú ọjà yan ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ òjò ń jẹ lọ́kàn. Kí ó máa gbọ́ ìkéde, kí ó máa wọn òjò, kí ó sì lẹ́nu láti sọ fún Ìyálọ́jà pé ó yá, ẹ gbé ọjà sókè. Bí inú rẹ̀ bá ń dùn tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ má bínú sí i. Ojú tí a fi ń wo ọjà kò lè wo òkè. Ó dáa bí ẹnìkan bá ń bá wa wò ó.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ò ní fi òjò ọdún yìí ṣòfò o. Ọjà á tà, omi á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àmín.