Ẹnì Kan Ń Gba Owó, Mẹ́wàá Ń Wò Ó



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó táa yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Pópó Yemọja tó ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn kan ní kí á mú ìdajì owó náà fún ọmọ tó máa ń gbá góòlù wọlé, nítorí pé àdúgbò mìíràn ti ń fi owó fà á lójú mọ́ra. Ìyá kan nínú àwọn aláṣọ wa dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé òun nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún ni?" Ni ariwo bá sọ. Èmi tí mò ń kọ ìwé ìpàdé ò tilẹ̀ mọ èyí tí ǹ bá kọ mọ́. Alága wá ní kí n kọ èrò mi sínú ìwé ìròyìn wa yìí.

Kí á má tíì lọ jìnnà. Ìtàn IICC Shooting Stars ni àwọn bàbá wa fi tọ́ wa dàgbà nílùú Ìbàdàn yìí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yáni lówó ni IICC, bí ẹgbẹ́ tiwa náà ṣe ń yáni lówó, àfi pé tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Lọ́dún 1976, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní góòlù 4 sí 2 táa bá ro ìdíje méjèèjì pọ̀, wọ́n sì gba ife Áfíríkà. Kò sí kíláàbù Nàìjíríà kankan tó gba irú rẹ̀ rí ṣáájú wọn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀. Múdà Lawal, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí, wà níbẹ̀. Samuel Òjébọ̀dé ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù kò tíì di iṣẹ́ olówó gidi nígbà náà. Ọdún 1990 ni líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n owó ti yọjú kí 1990 tó dé. Leventis dá kíláàbù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá sì dá Abiola Babes sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Leventis gba ife FA lọ́dún 1984, Abiola Babes gbà á ní 1985, Leventis tún gbà á ní 1986 pẹ̀lú líìgì, Abiola Babes tún gbà á ní 1987. Bí ẹni ń ta ayò! Rashidi Yẹkíní, tó wá sí Shooting Stars lọ́dún 1982, tó sì bá wọn gba líìgì ní 1983, kò pẹ́ kó tó kọjá sí Abiola Babes. Òun náà ló gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé ní ife àgbáyé, lọ́dún 1994. Ta ló lè ní kó má lọ? Ìbàdàn yìí náà ló padà wá gbé kó tó kú lọ́dún 2012.

Ó wá kù síbì kan. Owó ẹnì kan ló gbé kíláàbù méjèèjì yẹn dúró. Nígbà tí olówó fọwọ́ kúrò, wọ́n tú ká; kò sí ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Shooting Stars táwọn ìràwọ̀ fi sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n tún gba ife CAF lọ́dún 1992, wọ́n na Villa ti Uganda ní 3 sí òdo. Wọ́n ti ṣubú, wọ́n ti dìde, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Bọ́ọ̀lù tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tó ń jù ú tó sì ń darí àwọn yòókù ni wọ́n ń pè ní quarterback. Láti 1994 ni wọ́n ti ń dá iye owó kan tí kíláàbù kankan kò gbọdọ̀ ná kọjá lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún. Ní 2024, ó jẹ́ mílíọ̀nù 255.4 dọ́là. Nítorí náà, ohun tí o bá fi kún ti quarterback, ara ti ẹlòmíràn lo ti bù ú. Lọ́dún 2020, Kansas City bá Patrick Mahomes ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 450 dọ́là. Ní 2022, wọ́n jẹ́ kí Tyreek Hill, tó máa ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, lọ sí Miami. Wọ́n fi àwọn ọmọ tówó wọn kò tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gba ife ńlá wọn ní 2023 àti 2024. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má sanwó fún Mahomes. Wọ́n kàn mọ ibi tí owó náà yóò ti yọ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé ni.

Àwa ò tíì mọ ibi tí tiwa yóò ti yọ. Ọmọ tó ń ṣọ́lé fún wa, bàtà rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tá a bá bu ìdajì owó fún ẹnì kan, ojú bàtà yẹn la bù ú. Mo sì ti rí i lójú pápá: àwọn yòókù á máa wo ẹni tówó wà lápò rẹ̀, wọn ò ní sáré tọ bọ́ọ̀lù mọ́.

Bàbá kan tó ń ta irin ní Bẹẹrẹ sọ fún mi pé láìsí ọmọ náà, nínà la ó máa jẹ. Òótọ́ ló sọ, n kò lè bá a jiyàn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí gbogbo wọn gba iye kan náà.

Àbá ìgbìmọ̀ nìyí: kí á kọ́kọ́ ra bàtà àti aṣọ fún gbogbo wọn, kí á san owó ọkọ̀ wọn, kí á wá pín ìyókù sọ́nà mẹ́ta, kí ọmọ náà mú ìdá kan, kí àwọn yòókù pín ìdá méjì. Tí àdúgbò kejì bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á fi àdúrà sìn ín.

A ó dìbò lé e lórí ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ yín dání, ẹni tó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta kò ní láṣẹ láti dìbò. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kó mú un wá, kí òun náà lè sọ tẹnu rẹ̀.