Bí Ètò Ìtọ́pa Àtúnṣe Ṣe Ń Dá Fáìlì Tí A Yí Orúkọ Rẹ̀ Padà Mọ̀

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ náà ni a fi ń pe fáìlì nínú kọ̀ǹpútà. Ètò ìtọ́pa àtúnṣe ni èyí tó ń pa ìtàn iṣẹ́ mọ́: ẹni tó tún un ṣe, ọjọ́ tó ṣe é àti ohun tó yí padà. Bí àwọn olùwádìí tó ń kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà jọ bá pààrọ̀ orúkọ fáìlì wọn, ǹjẹ́ ìtàn rẹ̀ yóò bá a lọ? Ìbéèrè tí bébà yìí dáhùn nìyí.

Ọ̀nà méjì tó wà
Ọ̀nà kìíní ni ti Subversion, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Bí a bá fi àṣẹ Subversion pààrọ̀ orúkọ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú fáìlì àtijọ́ ni tuntun ti jáde. Bí a bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é, yóò gbà pé fáìlì kan sọnù, àjèjì kan sì dé.

Ọ̀nà kejì ni ti Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. Git kì í kọ ìyípadà orúkọ sílẹ̀ rárá. Àkóónú fáìlì ni ó fi ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ó ń kọ orúkọ sí. Nígbà tí a bá bèèrè ìtàn, yóò fi fáìlì tó kúrò wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí àmì ìdánimọ̀ wọn bá bára mu, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá bára mu, ṣùgbọ́n tí ìjọra wọn tó ìdá 50 nínú 100, yóò kà á sí ìyípadà orúkọ. A sì lè yí òdiwọ̀n yìí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá yí orúkọ padà, tó sì tún àkóónú kọ yánpọnyánrin nínú ìfipamọ́ kan ṣoṣo, lè já okùn ìtàn. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà lè má hàn mọ́.

Ìṣòro àmì ohùn
Orúkọ ìlú Òrò ní ìpínlẹ̀ Kwara jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Kọ̀ǹpútà lè kọ "ò" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ó sì lè kọ "o" kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Síbẹ̀, lábẹ́ ìlànà UTF-8, báìtì 5 ni "Òrò" ní ọ̀nà kìíní, báìtì 7 ni ní ọ̀nà kejì. Orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Git kà wọ́n sí. HFS+, ètò ìpamọ́ fáìlì ti Apple, a máa tú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà kejì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2012, Git 1.7.12 mú ìṣètò core.precomposeunicode wá láti dá a padà sí ọ̀nà kìíní.

Àgbálọgbábọ̀
Nínú Git, àkóónú ni ìjánu, kì í ṣe orúkọ. Ó yẹ kí ìyípadà orúkọ ní ìfipamọ́ tirẹ̀, kí àtúnṣe àkóónú náà ní tirẹ̀. Àṣẹ git log --follow yóò lè tọ ìtàn fáìlì náà kọjá orúkọ rẹ̀ tuntun. Ó sì yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ olùwádìí fẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn yóò máa gbà fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì.