Kíkọ́ Iṣẹ́ Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ọ́yà Láti Inú Ilé

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí owó lọ́ọ́yà ti ń kọ mẹ̀kúnnù lóminú, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí kì í dìde rojọ́ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí wọn kò bá sí, iṣẹ́ ọ̀gá wọn a dẹnu kọlẹ̀: àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ́yà nìyẹn. Ẹni tí ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ òru, lè jókòó sílé kọ́ iṣẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í sáà wo ẹnu àáké. NALA, ẹgbẹ́ àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ́yà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ìdánwò tirẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí.

Òǹkà ọjọ́ ni mo kà sí ojúlówó iṣẹ́ àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ bá tẹ ènìyàn lọ́wọ́, ọjọ́ 21 ni òfin sábà ń fún un láti fèsì. A kì í ka ọjọ́ tí ìwé dé, bí ọjọ́ ìkẹyìn bá sì bọ́ sí Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ó di ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ṣì í kà ti ko oníbàárà sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ìmọ̀ràn òfin kò sí lẹ́nu amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ́yà o. Ní California, abẹ́ àbójútó lọ́ọ́yà ni òfin ní kí ó ti ṣiṣẹ́. Bí ìbátan rẹ̀ bá bi í léèrè ọ̀ràn ìwé ìgbélùú, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni kí ó darí onítọ̀hún sí.